Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti igbó tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde

 

Lọ́dún tó kọjá, a lọ wo Ẹ̀fẹ̀ ní ìletò kan tí kò jìnnà sí Kétu. A kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé ohun tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe ti ibẹ̀ nìkan. Nígbà tí a wà ní kékeré, inú igbó ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde wá. A ó tẹ́ ẹní sí gbàgede, ilẹ̀ á ti ṣú, ìlù á máa dún, gbogbo ojú á sì kọ sí apá ibi tí àwọn igi dúdú wà. A kò ní rí nǹkan kan. Ohùn la ó kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn yẹn, láti inú òkùnkùn, kí a tó rí ẹni tó ni ín, ló máa ń mú kí ara àwa ọmọdé bù máṣọ. Lọ́dún tó kọjá, inú báàṣì ni Ẹ̀fẹ̀ ti jáde. Báàṣì aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ àgbàdo, ni wọ́n ta sára òpó mẹ́rin, nítorí pé wọ́n ti pín igbó tí ó wà níbẹ̀. Lotisímáà ti dé ibẹ̀. Wọ́n ti ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, paasẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ti ní ẹni tó ni ín. Igi mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń gbẹ.

Kí a sọ òótọ́, ọdún náà dùn. Onílù kò ṣìṣe, akọrin kò gbàgbé orin, àwọn ìyá wa jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wá lọ́jọ́ náà pé ṣé àṣà wa ń kú, a ó ní kò kú o. Ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ nígbà tí à ń padà sílé. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, a máa ń sọ ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ìtàn ijó, orin àti ère nìkan. A kì í sọ ìtàn ilẹ̀ tí ó dúró lé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ èyí tí ó kù lónìí.

Ìtàn pọ̀ lórí bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn òpìtàn sábà máa ń fi í sí apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn kan ní Ìlóbìí ló ti ṣẹ̀, àwọn kan ní Kétu ni, ẹ sì mọ ibi tí àwa ń gbè sí, ẹ má bínú. Èyí tí a gbọ́ jù ní Kétu ni ti àwọn ọmọ ọba méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì, tí wọ́n ń du oyè lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ọ̀kan fẹ́ pa èkejì. Ẹ̀dun ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ó sá lọ sí Ìlóbìí. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá ká a mọ́lé lóru, ó kó ìkarahun ìgbín jọ, ó fi okùn so wọ́n, ó gbé orí tí a fi igi gbẹ́ lé kùkùté, ó sì wọ̀ ọ́ láṣọ. Àwọn tí wọ́n wá pa á rí ohun kan tí ó dúró bí ènìyàn nínú òkùnkùn, wọ́n gbọ́ ìró ìkarahun, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí a ṣe gbọ́ ọ la ṣe sọ ọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, a ó kà á.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn náà: ìgbín, okùn, kùkùté igi, òru. Ohun tí ó wà láyìíká ni Ẹ̀dun mú. Kódà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣaworo irin ni oníjó ń so mọ́ ẹsẹ̀, ìró tí ó ń dún bí ó ti ń tẹ ilẹ̀ ṣì ń rán àgbàlagbà létí ìkarahun yẹn.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìyá ni a ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tù lójú. Ìyá Nlá, àwọn ìyá wa, àwọn tí wọ́n ní agbára ọmọ bíbí, tí wọ́n sì lè dá òjò dúró bí inú bá bí wọn. Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́, ọkùnrin ló ń gbé ère, ọkùnrin ló ń jó, ṣùgbọ́n nítorí obìnrin ni. A máa ń ṣe é nígbà tí a bá kórè tán tàbí nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oko, a sì máa ń ṣe é nígbà tí ọ̀dá bá dá tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wa létí: ọdún tí à ń ṣe kí òjò lè rọ̀, kí ilẹ̀ lè so, ni. Ní Kétu, ọ̀rọ̀ òjò kì í ṣe eré. Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú wà, omi inú ilẹ̀ jìn gan-an, odò kò sí nítòsí, àwọn ìyá wa àgbà sì ń gbe omi òjò sínú ìkòkò bí ẹni ń fi owó pamọ́.

A lọ jókòó ti bàbá kan tí ó ń gbẹ́ ère. A bi í léèrè igi tí ó ń lò.

"Mẹ́tìrì," ni ó wí, "igi tí kò wúwo ni. Orí ènìyàn ló máa gbé e, ó sì máa gbé e jó. Nígbà tiwa, a kì í wá igi lọ. Ẹ̀yìn ilé ló wà. Bàbá mi á bu omi àti ọtí sí ìdí rẹ̀, á bá a sọ̀rọ̀, á tọrọ rẹ̀, kí ó tó fi àáké kàn án. Nísinsìnyí mo ń gun zẹ́mù lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń la pákó. Ta ni mo fẹ́ tọrọ igi lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀?"

Ó wá fi ère kan hàn wá. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ọ̀dà náà ti nípọn bí èèpo igi. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan kí a sọ nù. Bí ọdún bá dé, a ó tún un kùn, yóò sì jáde bí tuntun. Láyé àtijọ́, ẹfun ni funfun, ẹlú ni dúdú, osùn ni pupa. Igi kan ṣoṣo lè sin ìran mẹ́ta. Aṣọ náà ńkọ́? Gèlè àti ìró àwọn obìnrin ìlú ni. Oníjó á yá a, á wé e mọ́ra, bí ọdún bá parí á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bí ìyá kan bá rí gèlè tirẹ̀ lára Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó mọ̀ pé òun náà wà nínú ijó. Kò sí aṣọ tí a rà fún ọjọ́ kan. Ìlù náà, igi ọ̀mọ̀ àti awọ ẹran ni, bí awọ bá sì ya, a ó pààrọ̀ awọ, igi á ṣì wà níbẹ̀.

Nípa báyìí, ọdún tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀. Ìgbà tí ère di ọjà fún àwọn tó ń rà á lọ sí Yúróòpù ni nǹkan yí padà, nítorí pé ère tí ó bá ti wọ ọkọ̀ òfúrufú kì í padà wá gba ọ̀dà. Èyí tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti inú igi mìíràn wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé inú igbó gan-an. Gbogbo ìlú wa ló ní igbó tirẹ̀: igbó Orò, igbó Egúngún, igbó tí Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde. Èèwọ̀ ni láti gé igi níbẹ̀, èèwọ̀ ni láti dẹ pańpẹ́, èèwọ̀ ni kí ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ níbẹ̀ wọ ọ́. Wọn kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀dá, wọn kò kọ ìwé kankan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń rin ọ̀nà oko lónìí, tí gbogbo ilẹ̀ jẹ́ àgbàdo àti pákí, tí a wá rí igi ńlá mẹ́wàá dúró pọ̀ lókèèrè, tí ẹyẹ ń ké níbẹ̀, a ti mọ̀ pé ilé òrìṣà ni. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ka irú igbó bẹ́ẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 rí tó 2,940. Àpapọ̀ gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 18,360, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì tó hẹ́kítà kan. Igbó kéékèèké ni. Síbẹ̀ inú wọn ni oníṣègùn ti ń já ewé tí kò sí níbòmíràn mọ́. Ní kọmíìnì Kétu tiwa yìí, igbó tó wà láàrin Ẹ̀wẹ̀ àti Adakplamè, tó lé ní hẹ́kítà 500, ṣì dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìyókù igbó kìjikìji tó wà lápá ibí yìí. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀, kó lọ wò ó kó tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí.

Báwo ni igbó àti ọdún ṣe wá pínyà? Kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ní 1886, ogun Dàhòmì lábẹ́ ọba Glèlè fọ́ Kétu. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ilẹ̀ Alákétu di ahoro títí Faransé fi ṣẹ́gun Béhanzin, tí àwọn tí ẹ̀mí wọn kù fi padà wá ní bíi 1893 sí 1894 láti tún ìlú tẹ̀ dó. Ẹ wo ohun tí wọ́n tún gbé dìde: oyè Alákétu, Akaba Ìdẹ̀nà, ọjà, òrìṣà, àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn tí ebi ń pa, tí wọn kò nílé lórí, ṣì rí ààyè fún ijó, nítorí wọ́n mọ̀ pé láìsí i, ìlú kò tíì di ìlú.

Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Kétu kọjá òkun nínú ogun àtẹ̀yìnwá. Títí di òní, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Kàndòmbúlé tó gbajúmọ̀ jù ní Bàhíà, ní Bùràsíìlì, ń pe ara rẹ̀ ní Kétu. Nígbà tí àwọn baba wa wọ̀nyẹn dé ibẹ̀, wọn kò rí ìrókò, nítorí igi náà kì í hù níbẹ̀. Wọ́n wá igi ńlá mìíràn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gameleira, wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ ọn nídìí, wọ́n sì ń pè é ní Ìrókò. Ọgbà òrìṣà wọn kì í pé bí kò bá sí apá kan tó jẹ́ igbó nínú rẹ̀. Ẹrú tí kò ní ilẹ̀ wá igi tí ó fi rọ́pò igi ilé, àwa tí a nílẹ̀ sì ń ta ìrókò fún oníṣòwò pákó. A kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí inú má run wá.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Faransé dé pẹ̀lú òfin igbó tirẹ̀. Òfin ọjọ́ 4 oṣù keje 1935 ló gbajúmọ̀ jù fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ojú òfin yẹn, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí, tí kò sí ìwé lórí rẹ̀, kò ní olówó, ìjọba ló ni ín. Ẹ rò ó wò. Igbó tí a kì í dáko sí nítorí pé èèwọ̀ ni, lójú wọn, ilẹ̀ tí kò ní olówó ni! Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún igbó ni wọ́n kà sí pé a kò lò ó. Ìjọba gba àwọn igbó ńlá bíi ti Dógò àti ti Kétu sábẹ́ òfin, ó fi agbófinró sí i, ó sì ń gba owó ìtanràn. A kò sọ pé kò sí igi kan tí òfin yẹn dá sí, ó wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni "igbó" ti di ti ìjọba lójú àwọn ènìyàn, ohun tó bá sì jẹ́ ti ìjọba, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Èyí tí ó wọ ara wa jù ni ti ìgbà Rẹfolúsíọ̀n. Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972. Ní 1974 ó ní ọ̀nà Marx àti Lenin ni a ó máa tọ̀. Ní 1975 orúkọ ilẹ̀ wa yí padà láti Dàhòmì sí Bẹ̀nẹ̀. Láàrin àkókò yẹn ni wọ́n gbé ogun ti "ìgbàgbọ́ àtijọ́" àti àjẹ́. Wọ́n ń mú àwọn ìyá arúgbó, wọ́n ń fi wọ́n hàn lórí rédíò, wọ́n sì ń gé igi òrìṣà lulẹ̀ ní ìlú dé ìlú, nítorí wọ́n ní orí igi ni àjẹ́ ń sùn. A kò tíì bí àwa nígbà náà, tàbí kí a wà lọ́mọ ọwọ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí wa rí i. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí í ṣe ọdún àwọn ìyá dúró sí àárín ogun yẹn gan-an. Ó yè é, nítorí ènìyàn lè gbé ère pamọ́ sí àjà. Igi kò ṣeé gbé pamọ́. Ibẹ̀ ni ìpínyà ti fojú hàn: ijó wọlé, igbó wó.

Nígbà tí a wọ ilé ẹ̀kọ́, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní gbogbo nǹkan. A mọ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ Faransé kí a tó mọ orúkọ igi ẹ̀yìnkùlé wa. A kò dá àwọn olùkọ́ wa lẹ́bi, ohun tí wọ́n fún wọn ni wọ́n fún wa.

Lẹ́yìn ìpàdé gbogbogbòò oṣù kejì 1990, ilẹ̀kùn ṣí padà fún àṣà. Òfin 1997 sọ ọjọ́ 10 oṣù kìíní di ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún pàtàkì aráyé, ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀, ní 2008 wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún àfẹnusọ àti àṣà aláìlẹ́gbẹ́. Gbogbo wa la yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí irú ìwé tí ó jẹ́. Orin, ijó, ère àti ewì ló wà níbẹ̀. Ìwé yẹn kò lè dá awọnlẹ̀ dúró lẹ́nu igbó. A ń gba ìyìn fún ijó, ilẹ̀ sì ń lọ.

Lórí ti ìdọ̀tí, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a ń wí yẹn, a kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n wá wòran, a ní kí wọ́n bá wa ṣa gbàgede. Ọ̀rá omi ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà àwo ìjẹun funfun tí ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ike ọtí, àti ọ̀rá dúdú. Bàbá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ń wò wá. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọ̀sìn á jẹ ẹ́." A ní, "Bàbá, ọ̀rá ni o." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Lóòótọ́. Ewé ni tiwa, ewúrẹ́ máa ń jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó mú." Ó dìde, ó sì bá wa ṣa á. Ó yé wa níbẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀bùn ni àwọn àgbà wa. Ìwà tó bá ewé mu ni wọ́n ṣì ń hù sí ọ̀rá. Ewé eéran àti igbá kò nílò agbálẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ti ṣòfin lórí ọ̀rá ní oṣù kejìlá 2017, Tógò náà ti ṣe tirẹ̀ láti 2011, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà ìlú yín lọ́la kí ẹ wò ó. Ohun tí Ìyálàṣẹ bá sọ pé kò gbọdọ̀ wọ agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní wọ̀ ọ́. Ìletò kan wà tí a mọ̀ tí àwọn ìyá ti pàṣẹ pé igbá àti ife ni kí wọ́n fi bu omi, lóru ọdún wọn, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́.

Ti ilẹ̀ ló le jù, nítorí pé owó wà níbẹ̀. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ sórí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ibi méjì tí wọ́n ti gbé igbó àti ọdún pọ̀.

Èkíní ni Òṣogbo. Nígbà tí Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, di ọmọ òrìṣà níbẹ̀, igbó Ọ̀ṣun ti ń lọ: wọ́n ń gé igi, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì fẹ́ tà á. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà àti àwọn àwòrò gbé ère sínú igbó, kí gbogbo ènìyàn lè fojú rí i pé ibẹ̀ ní olówó. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìní orílẹ̀-èdè, ní 2005 UNESCO sì kọ gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé. Ìwé tiwọn, ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun ń kó èrò rẹpẹtẹ jọ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò náà sì ní igbó tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n kò pé tán níbẹ̀ náà. Àwọn tí ń wa góòlù lókè odò ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu ún. Igbó wà, omi tó ń ṣàn gbà á kọjá sì ti ṣàìsàn. Ẹni tó bá dáàbò bo ibi tí ọdún ti ń wáyé nìkan kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Èkejì wà ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní etí òkun, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Àwọn igi ẹ̀gbà tó wà nínú omi níbẹ̀ ń tán lọ nítorí igi ìdáná àti iyọ̀ tí wọ́n ń sè. Ìjọba ti fi òfin dè é, kò ràn. Àwọn ará abúlé wá gbé Zangbeto, tí ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ mọ̀ dáadáa, wá sí etí omi. Zangbeto jó, ó sì sọ àwọn apá kan di ti òun. Láti ìgbà náà, ibi tí Zangbeto ti fi àmì sí, ẹnikẹ́ni kì í fi àdá kàn án. Ẹ ò rí i? Èèwọ̀ tuntun ni wọ́n dá. Àwa máa ń rò pé àwọn baba wa nìkan ló lè dá èèwọ̀, pé iṣẹ́ tiwa kò ju kí a pa á mọ́ tàbí kí a gbàgbé rẹ̀ lọ.

Òfin orílẹ̀-èdè náà ti ṣí ọ̀nà díẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2012, àwọn mínísítà fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dá igbó òrìṣà mọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó gba àwọn ará ìlú láàyè láti béèrè pé kí kọmíìnì mọ igbó wọn lábẹ́ òfin, pẹ̀lú ààlà rẹ̀, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, nínú èyí tí àwọn àwòrò wà. A ti bi ọ̀pọ̀ baálé léèrè. Wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Inú ìwé èdè Faransé ni ó wà, nínú dúrọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì. Ìletò tí a lọ yẹn ì bá ti lò ó bí wọ́n bá mọ̀ ṣáájú kí àwọn awọnlẹ̀ tó dé. Ní báyìí, paasẹ́ẹ̀lì ti ní olówó, àwọn olówó náà sì ra ilẹ̀ wọn lọ́nà tó tọ́, ọmọ ìlú ni púpọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹni tí a lè bínú sí.

Ohun tí a ti ń ṣe nínú kíláàsì wa láti oṣù mẹ́ta nìyí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbà kan nílé rẹ̀, ó béèrè orúkọ igbó àdúgbò wọn, èèwọ̀ ibẹ̀, àti orúkọ igi tó wà níbẹ̀ ní Yorùbá. A kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, a sì ya ààlà rẹ̀ bí a ti lè yà á. Orúkọ igi mẹ́tàdínlógójì ni a ti rí, àwa olùkọ́ kò sì mọ ju mẹ́wàá lọ nínú wọn tẹ́lẹ̀. A ti gbé ẹ̀dà ìwé náà fún baálé, pẹ̀lú àṣẹ 2012 tí a túmọ̀ sí Yorùbá ní ojú ìwé méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ìtumọ̀ náà, ẹ sọ fún wa, a ó gbé e síbí.

Ní ti ìletò tí báàṣì wà, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní àwọn fẹ́ gbin igi yí àwọn mẹ́ta tó kù ká nígbà òjò tó ń bọ̀. Ìyálàṣẹ ní kí wọ́n wá irúgbìn ọ̀mọ̀ àti ìrókò wá. Wọn kò tíì rí ti ọ̀mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí ó ti lè rí i, ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.